Yíwọlá àti Àwòrán Mẹ́ta Ojú Kọ̀ǹpútà Rẹ̀

Bí irọ́ tó kéré bí ẹyin èèrà bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí iná mànàmáná má tàn nílé mi mọ́ láé.

Ọdún 2004 ni. Láti Festac dé Mile 2, kò sẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà tó mi. Èmi ni mo kọ́ ara mi. Bí kọ̀ǹpútà bá gbọ́ ìró bàtà mi, á tàn fúnra rẹ̀. Nínú kafé íńtánẹ́ẹ̀tì mi, àwòrán títẹ̀ mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo tò sójú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí oníbàárà lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀mọ̀wé lòun wà.

Àfi bí Yíwọlá ṣe ṣí kafé sí òdìkejì títì. Yíwọlá ọmọ Ìwó, tó fi ọdún mọ́kànlá ta mílíìkì àti súgà l'Agboju! Ìwé mẹ́fà ló kà. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kó máa wo ọwọ́ èèyàn lọ: ibi tí ọwọ́ oníbàárà bá kọ́kọ́ nà sí lórí pẹpẹ, ibẹ̀ ni yóò gbé mílíìkì sí. Bó ṣe ṣe kọ̀ǹpútà náà nìyẹn. Àwòrán mẹ́ta péré, wọ́n tóbi bí àwo ọbẹ̀: KA LẸ́TÀ, KỌ LẸ́TÀ, MO PARÍ. Ó kun MO PARÍ ní pupa, ó gbé e sí igun lọ́hùn-ún lóun nìkan.

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ń sọdá títì níkọ̀ọ̀kan, ó sì ń ta mí bí ata lójú. Nígbà tó yá, ìyàwó mi gan-an sọdá. Nígbà tó délé lálẹ́, mo bi í.

"Ìyá Débọ́lá, kafé ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà ní kafé yín sí Débọ́lá ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pòórá. Ẹ gbé ohun tó ń pa kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti lẹ́tà, òun lọwọ́ mi ń bọ́ sí. Ẹ ní mi ò ríran. Yíwọlá ní ẹni tó tò ó ló ṣì í."

Yíwọlá ní! Nínú ilé mi!

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo wọ kafé rẹ̀ láti dójú tì í.

"Eré ọmọdé lo tò síbí yìí."

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jókòó, kí ẹ fi ti àgbà hàn mí."

Mo gbá máòsì mú, mo ń wá àléébù. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti tẹ KỌ LẸ́TÀ. Yíwọlá dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ mi ló ń wò.

"Bàbá, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan."

"Kí ni mo fẹ́ bi ọ́?"

"Kí ẹ má rí nǹkan bi mí, ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn."

Gbogbo kafé bú sẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pa àádọ́ta àwòrán rẹ́, mo pe ìyàwó mi. "Wá wo ohun tí mo dá sílẹ̀."

"Bíi ti Yíwọlá?"

"Inú orí mi ló ti jí i!"

Ó kọ lẹ́tà rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n Yíwọlá máa ń bi mí pé ibo ló ṣòro."

Mo jowú, ṣùgbọ́n mo fa àga fún un. "Ó dáa, ibo ló ṣòro?"

Ó tún jókòó. Ọ̀sán pọ́n kó tó sọ tán. Láti ọjọ́ náà kò sọdá mọ́, ṣùgbọ́n títí di òní, owú kò jẹ́ kí n lè wo pátákó kafé Yíwọlá lẹ́ẹ̀mejì.

Alhaji Bádrù tó ń ta ìrẹsì l'Agboju wà láàyè. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí ní kafé Yíwọlá, òun ló sì rẹ́rìn-ín jù. Ẹ lọ bi í.