Àyè Òfìfo Lórí Máàpù Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Mò ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nílé wọn ní South Shore lókè òkun nígbà tí lẹ́tà kan dé.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí bùọ̀dá ti ń ya máàpù àwọn ilé àtayébáyé tó wà lórí òkè pẹrẹsẹ kan ní aṣálẹ̀. Èmi ò débẹ̀ rí. Ilé ọ̀hún ìbáà ṣófo, wọn kì í wọlé láìkágò. Wọ́n máa ń bi àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé, “Ṣé ewúrẹ́ ni yín?” Wọ́n bá sàréè ọmọdé nínú ilé kan. Wọ́n tọrọ gáfárà, wọn ò wọn ilé náà, wọ́n sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo lórí máàpù.

Lẹ́tà náà ní títì máa gba ibẹ̀ kọjá, torí pé máàpù fi hàn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tí a bá fẹ́ kí wọ́n yà á síbòmíràn, ó pẹ́ tán, Ọjọ́ Ẹtì ni àtúnṣe máàpù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ àti iyè bùọ̀dá, àmọ́ wọ́n ṣì fẹ́ràn kí pẹ́ńsùlù wà nítòsí wọn. Mo ní, “Ẹ júwe ibi tí sàréè náà wà fún mi, bùọ̀dá. Màá yà á.”

“Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá sí àpáta pupa.”

“Lápá ibo?”

Wọ́n wò mí, omijé lé ròrò sí wọn lójú.

“Ìyàwó, ṣebí àwa méjèèjì la jọ lọ. Apá ibo ni?”