Áúnsì Bọ́tà àti Áúnsì Wúrà

Mo gbọ́ iye tí wọ́n ń pe gíráàmù wúrà kan ní ọjà Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dijú. Nígbà èwe mi, owó yẹn ì bá kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, kí ó sì tún ṣẹ́kù fún ìṣílé. Ṣùgbọ́n Bàbá Ráímì ni mo rántí, kì í ṣe owó.

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni, ní Ìkàrẹ́. Ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi Bọ́lá ń lọ sílé ọkọ, ìyá wa di àwọn yẹtí àti òrùka tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un sínú aṣọ, èmi pẹ̀lú rẹ̀ sì wọkọ̀ láti Ọ̀kà, kí Bàbá Ráímì lè yọ́ wọn fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún ìyàwó. Ìyá mi kò fọkàn tán alágbẹ̀dẹ kankan. Ó ní kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ fọwọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò tún un fọ̀, òun ìyá mi ni yóò sì gbé omi náà lọ sílé, nítorí eruku wúrà tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bàbá Ráímì rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bọ́lá, ẹ ò ní gbálẹ̀ mi lọ náà?"

"Mo mú ìgbálẹ̀ wá." Lóòótọ́ ló mú un wá.

Òṣùwọ̀n tuntun rẹ̀ fi gíráàmù méjìlélọ́gọ́ta hàn. Nítorí pé áúnsì ló ṣì yé àwọn àgbà, ó ní, "Áúnsì méjì ni."

Èmi ọmọ yunifásítì, mo fa bírò yọ. Gíráàmù méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kọ́ wa pé ó wà nínú áúnsì kan. Mo pín in, ó jẹ́ áúnsì méjì àti ìdá kan nínú márùn-ún. Mo sọ ọ́ sí ìyá mi létí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá Ráímì, ìyókù wúrà mi dà?"

"Áúnsì bọ́tà lọmọ yín ń ṣírò. Ti wúrà tóbi jù ú lọ."

Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ìyá mi kó ẹrù rẹ̀, ó ń pariwo olè lójú gbogbo oníbàárà ọkùnrin náà. Alágbẹ̀dẹ tí a bá ní ìlú mìíràn gba ìṣirò mi láìjiyàn. Ó tilẹ̀ yìn mí. Inú wa dùn débi pé ìyá mi gbàgbé ọ̀rọ̀ omi àti ìgbálẹ̀.

Kí ọdún tó yípo, ẹ̀gbà tó ṣe fún wa náà ti sọ ọrùn Bọ́lá di àwọ̀ ewé. Idẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní yunifásítì, mo rí i nínú ìwé kan pé gíráàmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀ ni áúnsì wúrà. Mo pa ìwé náà dé. N kò sọ fún ìyá mi, n kò sì padà sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ráímì.

Lónìí, òṣùwọ̀n oníbátìrì ń ṣírò áúnsì méjèèjì fúnra rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń ranjú mọ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ìyá mi ti kú, ó sì gbà títí dópin pé olè ni Bàbá Ráímì. Bàbá Ráímì náà ti kú. Wọ́n ní láti ọjọ́ ariwo ìyá mi, àwọn ará àdúgbò wa kò gbé wúrà lọ bá a mọ́. Ti alágbẹ̀dẹ ẹlẹ́nu dídùn yẹn, n kò mọ̀. Bọ́lá wà láàyè, kì í fi nǹkan kan sọ́rùn. Èmi náà wà.