Ẹ Má Kí I Kú Ìsinmi

Bí ẹ bá bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin lórí ẹní ní Bantè, ẹ má kí i kú ìsinmi o. Bí èmi bá kí i bẹ́ẹ̀, á ní: "Ìyàwó mi, kú iṣẹ́ ni kí o kí mi! Iṣẹ́ ni mò ń ṣe yìí."

Olùkọ́ ni, àmọ́ àárẹ̀ kan mú un tí oorun kì í lé lọ. Bó bá gún iyán lónìí, lọ́la kò ní lè gbé ife omi. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé: "Tantí, gbogbo ìsinmi yìí, ẹ ò tiẹ̀ sanra!"

Àwọn dókítà ní kó máa rìn sí i. Ó rìn dé ọjà, alùpùpù ló gbé e padà wálé, ó sì dùbúlẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì. Ó gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ ìṣègùn pàápàá ń jiyàn lórí àìsàn náà. Ó ní: "Kí wọ́n máa jà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi èmi tí mo ni ara?"

Lóṣù tó kọjá, mo sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou, dókítà ọ̀dọ́ kan sì bi í: "Màmá, bí ẹ bá rìn tán, báwo ló ṣe ń ṣe yín?" Ojú rẹ̀ tàn. Ó sọ ọ́ títí ohùn fi tán lọ́fun rẹ̀, ó wá gbé orí lé ejìká mi.

Mo fẹ́ bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Dókítà ní: "Rárá, ẹ jẹ́ ká dúró dè é." A sì dúró, bí àwọn aláìsàn tó kù ṣe ń kùn lẹ́nu ọ̀nà.