Ìke Kékeré tó ti Àbíjàn Dé

Kò sí ohun tí Bàṣírátù, tó ń fi ẹ̀gẹ́ se àṣẹ́kẹ́ tà l'Éjìgbò, kì í bèèrè. Bí ewúrẹ́ bá wúkọ́, á fẹ́ mọ ohun tó jẹ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń gbé mì láti ọdún méjì tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dá: ojú ara ẹ̀ gbẹ. Nígbà tí Múrítàlá ọkọ ẹ̀ wálé láti Àbíjàn kẹ́yìn, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń fi kànìnkànìn gbígbẹ ha á. Ó kọjú sógiri, ó ń sunkún. Ọkọ ò bi í léèrè, ó padà lọ. Jímọ̀ yìí ló tún ń bọ̀.

Ló bá tú u sọ fún Mùtmàínà ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé, nìyẹn bá fa ìke ìpara kan yọ. Ẹ kúkú mọ àwọn ará Àbíjàn, ètè á ṣù bíi ti ẹja: "Ṣẹrí mi, ọ̀rẹ́ mi, gbà! Ẹni tó tà á ní ó máa ń mú nǹkan rọ̀. Sé bọ́n, ó dáa gan-an!"

Ohun tó bá ti Àbíjàn dé, ta ní í yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn méjèèjì ń sọ Faransé bí omi, wọn ò lè ka ìlà kan. Ṣùgbọ́n ẹnu ń yún Bàṣírátù. Ó gbé e lọ bá Nọ́ọ̀sì Damaris ní ilé ìwòsàn, ó sì ro ohun tó ń ṣe é fún un.

Nọ́ọ̀sì mọ̀wé, kò gbọ́ Faransé. Ló bá ń kà á bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: "Puu... lẹ... ṣẹ... fẹ..."

Bàṣírátù pariwo: "Ẹ dúró! Irun nìyẹn! Irun orí!"

Rìlásà tí wọ́n fi ń na irun ni!

"Yéè! Ẹ̀ bá ti bó, màmá!" Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bàṣírátù ní: "Kí ló wá ń mú un gbẹ gan-an?"

"Èròjà kan lára obìnrin ló dínkù. Kì í ṣèpè. Ẹ má fi ọṣẹ, álọ́ọ̀mù tàbí lọ́fínńdà síbẹ̀. Omi lásán tó. Jẹ́ẹ̀lì olómi wà ní kẹ́mísì, ẹ máa lò ó tí bàbá bá dé. Tí kò bá tó, dókítà á yẹ̀ yín wò, ó lè kọ ìpara tiẹ̀ fún yín."

"Tí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá? Ẹ tètè wá!"

Ó bèèrè títí àwọn tó wà níta fi ń húkọ́.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó gbé jẹ́ẹ̀lì náà síwájú Múrítàlá, ó ròyìn gbogbo ẹ̀ tẹkún-tẹkún.

Ọkùnrin náà ní: "Mo rò pé o ti kọ̀ mí ni."

Ó wọ awò ojú ẹ̀, ó yí ìke jẹ́ẹ̀lì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ìyá Qàwíyyàt, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó? Ṣé ó máa ń tutù? Ta ló ṣe é?"

Bàṣírátù bú sẹ́rìn-ín. Ó ti bá ẹgbẹ́ ẹ̀ pàdé.