Má Tíì Dà Wọ́n Sómi

"Má dà wọ́n! Má tíì dà wọ́n!"

Ìyá àgbà gbá ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, òórùn ẹja àti ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìkòkò wà láàárín wa, àwọn ọmọ epìyà ń fi ìrù na ara rẹ̀, pó, pó, pó. Odò la ti kó wọn. Mo kàn fẹ́ dà wọ́n sínú kòtò kí n lè lọ ṣeré.

Kòtò yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé wa. Òjò rọ̀, ó kún. Ìyá àgbà ní òun máa sin ẹja níbẹ̀ kó lè máa bímọ. Ìyàwó ilé wa kan á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá, ṣé ẹja yín ti jí? Ẹ bá mi kí i o."

Ìyá àgbà á dáhùn: "Ó ní kí n kí ẹ. Ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ ẹ àná ti pọ̀ jù."

Àwọn tó kọ́kọ́ kó wá, ó kàn dà wọ́n sómi ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti kú, wọ́n léfòó. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rí i kó sunkún rí.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé ìkòkò náà sínú omi kòtò, ó kù díẹ̀ kí omi dé ẹnu rẹ̀. Ó jókòó sí etí kòtò. Ó fi ọwọ́ kan omi ti ìkòkò, ó fi kan ti kòtò.

"Òtútù wọn kò tíì dọ́gba. Ìwọ náà, ọjọ́ tí wọ́n mú ẹ wá bá mi, lẹ́yìn ikú ìyá ẹ, ṣé mo fà ẹ́ wọlé ni? Ẹnu ọ̀nà lo jókòó sí. Èmi náà jókòó."

Òótọ́ ni. Iṣu sísun ló gbé wá bá mi níbẹ̀.

Ó ń bu omi kòtò sínú ìkòkò, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ó tẹ ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹja kan yọrí, ó padà. Ó tún yọrí. Ó lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò sí èyí tó léfòó.

Lánàá, ìwọ ọmọ-ọmọ mi, bàbá ẹ gbé ẹja dé nínú ọ̀rá omi, èyí tó fẹ́ máa sìn kó máa bímọ nínú adágún kékeré tó gbẹ́ sẹ́yìn ilé wa ní Douglasville yìí, ní Amẹ́ríkà. Smallmouth bass ló pè é, ó ní ẹnu rẹ̀ kéré ni. Èmi ò rí i pé ó kéré. Ó fẹ́ tú ọ̀rá.

Mo ní, "Má tíì dà wọ́n."

"Daddy, ẹni tó tà á náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n shift mi níbi iṣẹ́ ti tó, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní kó máa lọ, màá jókòó tì wọ́n. Ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́ yìí lo gbé àga wá. O bi mí pé kí là ń dúró dè. Mo mú ọwọ́ ẹ, mo fi kan omi ọ̀rá, mo fi kan omi adágún. Nígbà tí méjèèjì dọ́gba, a tú ọ̀rá.

Láàárọ̀ yìí mo ti lọ wò wọ́n. Wọ́n ń rìn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi dé láti airport, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Bàbá ẹ rò pé ó rẹ̀ mí ni. O ṣì kéré nígbà yẹn, o lè má rántí. Ìwọ lo wá jókòó tì mí.