Ọjọ́ Tí Mo Sọ Èébú Ọ̀jọ̀gbọ́n Mitali Di Ọpẹ́

Ọjọ́ tí olùkọ́ mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mitali, fẹ̀yìn tì kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọmọ Bengal ní Íńdíà ni wọ́n, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sì fi kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Faransé ní yunifásítì wa ní Dallas.

Ọ̀gá yunifásítì dìde níwájú èrò, ó ní, "Ẹ bá wa kí ìyá tó kọ́ wa ní oúnjẹ Íńdíà sísè!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba makirofóònù, wọ́n sì fi èdè Faransé bú u pé orí rẹ̀ ṣófo bí agolo, pé ìwé kò wúlò fún un ju kó fi pọ́n ẹ̀pà lọ.

Ọ̀gá kò gbọ́ Faransé, ó ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí ló sọ?"

Òun ló sì máa fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí mi. Mo ní, "Wọ́n ní àwọn ò rí ọ̀gá tó mọ̀wé tó yín rí, sà."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Omi lé sójú ọ̀gá.

Níta, Ọ̀jọ̀gbọ́n fà mí létí. "Òpùrọ́!"

"Ẹ má bínú, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. A jókòó sínú mọ́tò wọn, wọ́n sì ń ka èébú tí wọn ò ráyè fi bú ọ̀gá fún mi, títí ẹ̀rín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.