Ilẹ̀kùn Onígi Tí Mo Ní Kí Wọ́n Yọ Dànù

Ẹ jẹ́ ká wárí fún gbólóhùn ńlá kan: "Ti Amẹ́ríkà ni." Ní Jẹ́dà, nígbà tí owó epo rọ̀bì gbòde, gbólóhùn yìí ló ń sọ fáànù tó ń ké bí ewúrẹ́ di ohun iyì. Mo mọ Àlàájì kan tó búra pé ti Amẹ́ríkà ni tẹ̀súbáà òun. Èmi tí mo ka ìwé ní yunifásítì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àlàájì mìíràn wà ní Karantínà, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, tó ń tún ara mọ́tò ṣe. Ó wá ṣe hajì, kò padà sílé, kò sì ní ìkámà, ìwé ìgbélùú. Ará Mẹ́kà kan gbé iṣẹ́ wá fún un: ilé kékeré onítáyà méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ sí aginjù. Iwájú rẹ̀ rí rogodo, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀kán omijé. Inú ọgbà bàbá ará Mẹ́kà náà tó ti kú ló ti rí i. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá dára, òun á gba Àlàájì síṣẹ́, òun á sì dúró fún un kó lè gba ìkámà.

Àlàájì ní kí n wá wò ó, kó lè mọ bó ṣe rí nígbà tó wà ní tuntun. Páànù ni gbogbo ara rẹ̀, àfi ilẹ̀kùn tó jẹ́ igi gbígbẹ́. Mo yí i po, mo fi ìka kan án kó-kó-kó. N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo ní, "Ti Amẹ́ríkà ni, Àlàájì. Wọn kì í fi igi ṣe ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún. Ẹ yọ ọ́ dànù."

Ó ní ọwọ́ tó gbẹ́ igi yẹn kì í ṣe ọwọ́ alábùlẹ̀. Mo ní ìwé ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ó yọ ọ́, ó fi páànù rọ́pò rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì fi igi náà dáná.

Nígbà tí ará Mẹ́kà náà dé, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, títí ó fi kan ilẹ̀kùn. Ó ní bàbá òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo rẹ̀ ní Jẹ́dà níbí. Fèrèsé ilé tí wọ́n bí bàbá náà sí, ní àdúgbò Ammaríyà ní Jẹ́dà, ló fi ṣe ilẹ̀kùn yẹn.

Ó rọra bi Àlàájì pé, "Ta ló ní kí o yọ ọ́?"

Àlàájì wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ń wo táyà.

Ó ní, "Èmi ni. Mo rò pé ó ti gbó ni."

Ọkùnrin náà san owó iṣẹ́, ó so ilé rẹ̀ mọ́ mọ́tò, ó lọ. Kò dárúkọ ìkámà mọ́. Àlàájì bu omi, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, jẹ́ ká lọ kírun."

Títí dòní mo ṣì ń fi àwọn tó ń sọ pé "ti Amẹ́ríkà ni" pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Èmi náà sọ ọ́.